Bí Etíkun Lẹ́kkí Ṣe Kún: Ọ̀nà, Ilẹ̀, Èèyàn àti Omi

Lọ́dún 1962, lẹ́yìn tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, tí ìjọba àpapọ̀ sì kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n wá ibi tí wọn yóò há Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́, kí ohùn rẹ̀ má baà tètè dé etí aráàlú. Lẹ́kkí ni wọ́n gbé e lọ. Abúlé apẹja ni Lẹ́kkí nígbà náà, láàárín ọ̀sà àti òkun. Ibi tó jìnnà sí ariwo ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rí i.

Ní etíkun kan náà lónìí, ilé ìfọpo Dangote, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́, wà níbẹ̀. Èbúté ọkọ̀ ojú omi tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2023 wà níbẹ̀, omi rẹ̀ sì jìn tó mítà 16 àbọ̀. Ẹni tó bá kúrò ní Victoria Island ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó fẹ́ lọ sùn sí Awóyaya, àfi kó mú sùúrù dání, nítorí ọkọ̀ kò níí yẹsẹ̀. Ibi tí wọ́n ń gbé èèyàn lọ kó lè dá wà ti di ibi tí èèyàn ti ń fún ara wọn pa.

Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí ní Ìlúmọba, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Emùré lọ́dọ̀ wa ní Èkìtì lè bi mí pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ etíkun, nígbà tó jẹ́ pé òkè àti igbó ló yí wa ká. Ó kàn wá gan-an. Agbo ilé mélòó ló kù lọ́dọ̀ wa tí kò ní ọmọ ní Ajah tàbí Ṣàngótẹ̀dó? Bíríkìlà wa wà níbẹ̀, olùkọ́ wa wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wa wà níbẹ̀. Àwọn tí ọwọ́ wọn tó nǹkan lára wa sì ń fi owó ìfẹ̀yìntì ra ilẹ̀ níbẹ̀, nígbà mìíràn láìfi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà rí. Nítorí náà, mo fẹ́ ṣàlàyé bí irú ibi bẹ́ẹ̀ ṣe ń kún, ohun tó ń kọ́kọ́ dé, ohun tó ń tẹ̀lé e, àti ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé títí ọwọ́ yóò fi bọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín in: Etí-Ọ̀sà lápá ìwọ̀-oòrùn, tí Ìkòyí, Victoria Island, Lẹ́kkí Phase 1 àti Ajah wà nínú rẹ̀, àti Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí tó gba apá ìlà-oòrùn lọ dé ààlà Ẹ̀pẹ́. Ilẹ̀ tóóró ni. Ọ̀sà wà lápá àríwá, òkun Àtìláńtíìkì wà lápá gúúsù, yanrìn àti irà ló sì wà láàárín méjèèjì. Lọ́dọ̀ tiwa, bí òjò bá rọ̀ sórí òkè Olósùnta tàbí Òrólé ní Ìkẹ́rẹ́, kí ó tó dá, àgbàrá ti wọ́ lọ sódò. Ní etíkun, omi òjò kò rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan bá sọ̀kalẹ̀. Inú irà ló ń dúró sí, yóò máa rọra rìn lọ sínú ọ̀sà. Bí òkun bá wá ń wọlé tó mú kí ọ̀sà kún, omi òjò yóò dúró títí ọ̀sà yóò fi fà. Àwọn àgbà ibẹ̀ mọ èyí. Orí yanrìn tó ga díẹ̀ ni wọ́n tẹ̀dó sí, wọ́n gbin àgbọn, wọ́n ń pẹja, wọ́n sì fi irà sílẹ̀ fún omi. Orí irà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ dá lé.

Ọ̀nà ló kọ́kọ́ dé. Ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè, tó ṣe gómìnà Èkó láti 1979 di 1983, ni wọ́n mọ̀ mọ́ títì tó gba etíkun yìí lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nǹkan bí kìlómítà 49 ni. Kí títì yẹn tó dé, ẹni tó ní sarè ilẹ̀ ogún ní Ìbẹ́jú kò ní nǹkan tó lè tà fún ará Èkó. Lẹ́yìn tó dé, ilẹ̀ tí mọ́tò lè dé láàárín wákàtí kan láti ọ́fíìsì Victoria Island ti yàtọ̀ sí ilẹ̀ àgbọn.

Ohun kejì tó ṣẹlẹ̀ burú, ó sì yẹ ká máa rántí rẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ 1990, nígbà tí Raji Rasaki jẹ́ gómìnà ológun, ìjọba wó Màrókò, àdúgbò tálákà tó wà lẹ́bàá Victoria Island. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ni wọ́n máa ń sọ pé ó di aláìnílé. Ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún wọn láti kó ẹrù. Lára ìdí tí ìjọba sọ ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, pé omi lè bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n da yanrìn sórí ilẹ̀ kan náà, wọ́n kọ́ ilé olówó sí i. Bí ilẹ̀ bá rẹlẹ̀ fún tálákà, kò yẹ kó ga fún olówó. Díẹ̀ lára àwọn tí wọ́n lé kúrò rí ibi sá sí ní Ìlásán àti Ìkotà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tẹ̀ síwájú sí Ajah. Ìyẹn ni pé wíwó Màrókò gan-an wà lára ohun tó ti èèyàn wọ inú etíkun.

Lọ́dún 2006, ìjọba ìpínlẹ̀ bá ilé-iṣẹ́ Lekki Concession Company ṣe àdéhùn ọgbọ̀n ọdún láti mú títì náà fẹ̀, kí wọ́n sì máa gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ní tólígéètì. Lọ́dún 2013, wọ́n ṣí afárá tó so Lẹ́kkí mọ́ Ìkòyí. Gbogbo ìgbà tí ọ̀nà bá fẹ̀ sí i, ilé ń pọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ sì ń pọ̀ ju bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ lọ. Títì ńlá kan ṣoṣo ló gba àárín ilẹ̀ náà kọjá láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Bí ọkọ̀ kan bá kú lójú ọ̀nà ní Igbó-Ẹfọ̀n, ẹni tó wà ní Ṣàngótẹ̀dó yóò gbọ́ nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀nà, ilẹ̀ ló kàn. Níbí ni mo fẹ́ ká dúró díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó àwọn èèyàn wa ti ń ṣòfò jù.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà. Ní etíkun yìí, ìjọba ti fi àṣẹ gba ilẹ̀ tó pọ̀ lápapọ̀ kí ará ìta tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a rà. Ohun tí èyí fà ni pé ìdílé kan lè jẹ́ onílẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kó sì jẹ́ pé lójú òfin, ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kí ó tó padà sọ́wọ́ wọn, ìjọba gbọ́dọ̀ yọ apá kan nínú rẹ̀ fún abúlé náà, kí ó sì tẹ orúkọ àti ìwọ̀n ibẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìjọba. Yíyọ yẹn ni àwọn ajẹ́ńtì ń pè ní ẹkísíṣọ̀n, ìwé ìròyìn náà ni wọ́n ń pè ní gàsẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ tó bá ní gàsẹ́ẹ̀tì ṣeé rà, ẹni tó rà á sì lè lọ máa wá ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ilẹ̀ mìíràn wà tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún ohun kan pàtó: títì, ojú omi, pápákọ̀ òfuurufú, ibùdó okòwò. Kọmítẹ́ẹ̀dì ni orúkọ ìyẹn lẹ́nu wọn. Kò sí iye tí èèyàn san fún ìdílé onílẹ̀ tó lè sọ kọmítẹ́ẹ̀dì di tirẹ̀. Ọjọ́ tí katapílà bá dé, rìsíìtì ìdílé kò ní lè dá a dúró.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ ńkọ́? Owó ìpìlẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé. Tó bá kan dẹ́kìn, wọ́n tún ti dé. Tó bá kan òrùlé, wọ́n ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òfin tí Gómìnà Akinwunmi Ambode fọwọ́ sí ní 2016 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ipá gba ilẹ̀ ẹlòmíràn tàbí láti fi agbára gba irú owó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin náà kò tíì dé gbogbo kọ̀rọ̀. N kò gbè sẹ́yìn wọn. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lóye ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bàbá àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń pẹja níbẹ̀, tí ìjọba gba ilẹ̀ rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ ńlá sì ń tà á lónìí ní iye tí bàbá náà kò lè rò láyé rẹ̀. Inú ìbínú yẹn ni púpọ̀ nínú ìwà jàgídíjàgan yìí ti yọ.

Lórí gbogbo èyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ éṣítéètì wá gbé iṣẹ́ tiwọn lé. Wọ́n á ra ilẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ ìdílé, wọ́n á gbé géètì ńlá sí i, wọ́n á fún un lórúkọ òyìnbó, wọ́n á sì máa tà á díẹ̀díẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó lè san owó lóṣooṣù. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ olóòótọ́, ẹni tó rà lọ́wọ́ wọn sì ń gbé ilé rẹ̀ lónìí. Àwọn mìíràn ń fi fọ́tò tí wọ́n yà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ta ilẹ̀ gbígbẹ. Irà máa ń gbẹ lójú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá wà ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Chicago tó ń wo fọ́tò lórí fóònù kò lè mọ ìyàtọ̀.

Àwọn èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ṣùgbọ́n onílé kọ́ ló ń kọ́kọ́ dé. Lébìrà ló ń kọ́kọ́ dé. Bíríkìlà láti Èkìtì àti Ọ̀ṣun, ẹni tó ń tẹ táìsì láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, mẹ́ígádì láti Òkè Ọya, gbogbo wọn ń sùn sínú ilé tí kò tíì ní òrùlé. Ìyá olóúnjẹ yóò tẹ̀lé wọn, nítorí ebi ń pa ẹni tó ń ru búlọ́ọ̀kù. Ọlọ́kadà yóò tẹ̀lé ìyá olóúnjẹ. Bí ilé bá parí, onílé yóò kó dé, yóò sì nílò awakọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀, ẹni tí yóò máa fọṣọ àti ẹni tí yóò máa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Àwọn wọ̀nyí kò lè san owó ilé nínú éṣítéètì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ajah, Lángbàsà àti Badore ni wọ́n ń gbé, nínú yàrá kan tí èèyàn púpọ̀ ń sùn sí. Bí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì bá tún wá ń wá ilé sí Ajah, owó ilé á lọ sókè, àwọn tó wà níbẹ̀ á sì tún kó lọ sí Ṣàngótẹ̀dó, láti ibẹ̀ lọ sí Awóyaya àti Bogije. Bí èèyàn ṣe ń kún etíkun nìyẹn: ọlọ́rọ̀ ń ti òṣìṣẹ́ síwájú, òṣìṣẹ́ ń ti tálákà síwájú, gbogbo wọn sì ń lọ sí ìlà-oòrùn lórí títì kan náà.

Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ètò ìlú ti kùnà. Máàpù éṣítéètì máa ń ní ilé onílé, títì inú, ibi ìṣeré ọmọdé. Kì í ní ibi tí ọmọ ọ̀dọ̀ yóò máa gbé, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí ọmọ awakọ̀ yóò lọ, tàbí ọjà tí ìyá olóúnjẹ yóò pàtẹ sí. Gbogbo ilé tuntun ló ń mú àwọn tó ń sìn ín wá, síbẹ̀ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ilé náà ń ṣe bí ẹni pé àwọn yẹn ń gbé ní afẹ́fẹ́. Tí wọ́n bá wá kọ́ ilé pákó sí ẹ̀bá ojú omi, a ó pè wọ́n ní arúfin, a ó sì wó o.

Èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀ gan-an? Ìkànìyàn tí Nàìjíríà ṣe kẹ́yìn ni ti 2006. Àjọ ìjọba àpapọ̀ sọ pé àwọn ará Etí-Ọ̀sà kò tó 290,000. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀, ó ní wọ́n lé ní 980,000. Ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, ọ̀rọ̀ náà yí padà: ti àjọ àpapọ̀ lé ní 117,000, ti ìpínlẹ̀ kò sì tó 100,000. Láti ìgbà náà, ìṣirò lásán ni gbogbo iye tí wọ́n ń pè. Ìkànìyàn tí wọ́n ṣètò fún 2023 kò wáyé. Àwọn tí wọ́n bí lọ́dún 2006 ti tó dìbò báyìí. Kí ilé ìfọpo tó dé, kí èbúté tó dé, kí Ṣàngótẹ̀dó tó di ìlú ńlá ni wọ́n ti ka àwọn ará ibẹ̀ kẹ́yìn. Iye èèyàn sì wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ ń wò kí ó tó pín owó fún ìjọba ìbílẹ̀. Ilé ìwòsàn alábọ́dé, olùkọ́, gọ́tà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi iye ogún ọdún sẹ́yìn wọ̀n. Èkó dá àwọn agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 37 sílẹ̀ ní 2003 kí ìjọba lè sún mọ́ aráàlú, ìyẹn ló fi jẹ́ pé Etí-Ọ̀sà Ìlà-Oòrùn àti Lẹ́kkí ní ọ́fíìsì tiwọn, àmọ́ ìwé òfin Nàìjíríà kò mọ̀ wọ́n, owó tó yẹ kí ó jẹ́ tiwọn kò sì ń ti Àbújá wá.

Mo padà sórí irà. Kí èèyàn tó lè kọ́lé sórí irà, ó gbọ́dọ̀ fi yanrìn kún un. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi ń fa yanrìn náà lábẹ́ ọ̀sà, tàbí kí típà máa dà á lójoojúmọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé á gbé ilẹ̀ rẹ̀ ga ju títì lọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, aládùúgbò rẹ̀ á dé, á gbé tirẹ̀ ga ju ti ẹni ìṣáájú lọ. Wọ́n á tún títì ṣe, títì náà á ga sí i. Ilé tó kọ́kọ́ dé á wá di ìsàlẹ̀, gbogbo omi àdúgbò á sì máa lọ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe àìdáa nínú wọn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n irà tó ń gba omi náà ti tán, yanrìn ti dí i, kọnkéré ti bò ó, omi òjò kò sì dín kù.

Ní oṣù Agẹmọ 2017, òjò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi gba Victoria Island àti Lẹ́kkí kan, tí àwọn èèyàn ń gun ọkọ̀ ojú omi kékeré lórí títì ọ̀dà, tí ẹja sì wà nínú omi náà. Ìròyìn rẹ̀ káàkiri ayé. Lọ́dún 2024, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tí wọ́n kọ́ dí ojú omi Ìkotà àti àwọn ojú omi mìíràn tó ń gbé àgbàrá Lẹ́kkí lọ sínú ọ̀sà. Àwọn onílé kan mú ìwé jáde. Wọ́n ní wọ́n san owó, wọ́n gba ìyọ̀ǹda. Ó ṣeé ṣe kí ìwé wọn jẹ́ òótọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tí omi lè kà. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fọwọ́ sí ilé lórí ojú omi, ó ti ta onílé yẹn, ó sì ti ta àwọn tó wà lókè rẹ̀ tí omi yóò padà sí lọ́dọ̀.

Ewu mìíràn wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé ọ̀pọ̀ ibẹ̀, nítorí náà ilé kọ̀ọ̀kan ló ń gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ tirẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ní sókàwéè. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn níbẹ̀. Ohun tó wà nínú sókàwéè àti ohun tó ń bọ̀ nínú kànga lè pàdé. Bí wọ́n bá sì fa omi dídùn jù lábẹ́ ilẹ̀ etíkun, omi iyọ̀ láti òkun á wọlé rọ́pò rẹ̀, ilẹ̀ sì lè máa rì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jakarta, olú-ìlú Indonesia, nìyẹn. Wọ́n fa omi abẹ́ ilẹ̀ títí apá ńlá nínú ìlú fi rì sísàlẹ̀ ìpele òkun, èyí sì wà lára ìdí tí ìjọba wọn fi kéde ní 2019 pé àwọn yóò gbé olú-ìlú lọ sí erékùṣù mìíràn. Kì í ṣe ìlú kékeré ni Jakarta, kì í sì í ṣe ìlú òtòṣì tó Èkó.

Òkun náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní nǹkan bí 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn kọ́ ògiri òkúta jáde sínú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó, kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé láìfi ìdí gúnlẹ̀ sórí yanrìn. Iṣẹ́ rere ni fún èbúté. Ṣùgbọ́n ìgbì òkun níbẹ̀ máa ń gbé yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ògiri náà dá yanrìn dúró lápá kan, ó sì fi ebi yanrìn pa apá kejì. Láti ìgbà náà ni òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí òkun Bar Beach ní Victoria Island. Nígbà tí wọ́n wá fi yanrìn kún òkun láti kọ́ ìlú tuntun Eko Atlantic, tí wọ́n fi ògiri nǹkan bí kìlómítà 8 àbọ̀ dáàbò bò ó, Victoria Island rí ìsinmi. Àwọn ará Òkun-Alfa, tó wà ní ìlà-oòrùn, ní ìgbà náà ni ìyà tiwọn wá le sí i: òkun gba títì, ó gba ilé, ó gba etí omi Alpha Beach tí àwọn èèyàn máa ń lọ gbafẹ́ sí. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti kó òkúta jọ sínú òkun níbẹ̀ láti dín agbára ìgbì kù. Tí wọ́n bá dá yanrìn dúró níbì kan, ẹni tó wà níwájú yóò tún béèrè ibi tí yanrìn tirẹ̀ wà. Ní etíkun, kò sí iṣẹ́ ńlá tó parí sí ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Èyí ló jẹ́ kí ẹ̀rù àwọn iṣẹ́ ńlá ti Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí máa bà mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi dùn sí iṣẹ́ tí wọ́n mú wá. Ibùdó okòwò ọ̀fẹ́ Lẹ́kkí bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ṣí ní oṣù Ẹrẹ́nà 2022, ilé ìfọpo rẹ̀ tẹ̀lé e ní oṣù Èbìbí 2023. Àwọn abúlé tó wà lórí ilẹ̀ yẹn ti kó sí ibòmíràn tàbí kí ilé-iṣẹ́ yí wọn ká. Fún apẹja, owó gbà-má-bínú ilé kan kò lè dípò òkun tó ti ń jẹun láti kékeré. Títì etíkun láti Èkó lọ sí Calabar, tó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 700, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024 láti Victoria Island. Wọ́n wó ilé ìgbafẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà rẹ̀, àwọn ará Òkun-Ajah sì fárígá pé wọ́n yí ọ̀nà náà gba orí ilé àwọn. Bí títì yẹn bá parí, ohun tí títì Jákàńdè ṣe fún Ajah ni yóò ṣe fún abúlé tó kù. Ilẹ̀ yóò gbówó lórí kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ gọ́tà.

Etíkun tó sún mọ́ Èkìtì jù ni ti Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ibẹ̀ sì fi apá kejì ọ̀rọ̀ yìí hàn wá. Ayétòrò, tí àwọn onígbàgbọ́ kan dá sílẹ̀ ní 1947, ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ àti iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú wa ṣì ń tan àtùpà. Òkun ti gba apá ńlá nínú rẹ̀ báyìí. Ní Lẹ́kkí, èèyàn ń lé omi. Ní Ayétòrò, omi ń lé èèyàn. Ìjọba tó bá gbàgbé omi yóò pàdé rẹ̀ ní ibi méjèèjì.

Kí ni à bá ṣe? Ní Netherlands, níbi tí ilẹ̀ púpọ̀ ti wà nísàlẹ̀ ìpele òkun, ìgbìmọ̀ omi ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá. Aráàlú ló ń dìbò yàn wọ́n, wọ́n sì ní agbára láti gba owó orí tiwọn. Kò sí ẹni tó lè kọ́lé dí ojú omi kí ìgbìmọ̀ náà máà mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìwé òfin 1999 ti fi gọ́tà àti títì àdúgbò sára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì dájọ́ ní oṣù Agẹmọ 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ẹ̀tọ́ wà, iṣẹ́ wà nínú ìwé. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ alága Etí-Ọ̀sà àti ti Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí ni kí wọ́n fi òpó kọnkéré sàmì sí gbogbo ojú omi tó kù, kí ọmọdé pàápàá lè rí i pé wọn kì í kọ́lé síbí, kí wọ́n sì ṣe é kí éṣítéètì tó ń bọ̀ tó dé.

Àwa náà ní gúúsù Èkìtì ní iṣẹ́ tiwa. Láti ìgbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkẹ́rẹ́ ti di Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà ní 2020, ẹni tó ń wá yàrá ń pọ̀ sí i, ẹni tó ń kọ́lé fún akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pọ̀ sí i. Kí á wo ibi tí àgbàrá Olósùnta ń gbà kí á tó fọwọ́ sí pílánù ilé.

Ní ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gba fọ́tò gbọ́. Ẹ béèrè nọ́ńbà gàsẹ́ẹ̀tì, ẹ gba òǹkà tí sọ̀fíọ̀ kọ sílẹ̀ fún igun ilẹ̀ náà, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Sọ̀fíọ̀ Àgbà ní Alausa, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kọmítẹ́ẹ̀dì ni tàbí ojú omi. Ẹ bi aládùúgbò ní ibi tí omi dé lára ògiri rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ lọ wo ilẹ̀ náà fúnra yín nínú oṣù Òkúdù, ní ọjọ́ kejì òjò ńlá, pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀.